Bí Mo Ṣe Kọ Ìtàn Anìkàngbé àti Àwọn Ọmọ Tí A Kò Ka Iye Wọn

Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi kọ ìtàn àròsọ abanilẹ́rù nípa tíṣà àgbà kan tí ó ń dá gbé nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lábẹ́ àpáta Olósùnta ní Ìkéré-Èkìtì, títí di ọjọ́ tí àwọn ọmọdé tí ẹnikẹ́ni kò mọ òbí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ ọ́ wá.

Nígbà àkọ́kọ́, ìkùukùu àti àrá ni mo kó sínú rẹ̀, bí mo ti rí i nínú ìwé àwọn Òyìnbó, kò sì ba èmi fúnra mi lẹ́rù. Mo da gbogbo rẹ̀ nù. Mo lọ dúró sí ìdí àpáta náà ní alẹ́ ọjọ́ kan, ooru tí ó gbà lọ́sàn-án sì ṣì ń jáde lára rẹ̀ bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Ibẹ̀ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ìlẹ̀kùn ilé náà ni mo mú láti inú iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ẹni tí ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkéré; ìlẹ̀kùn náà ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ní London ní 1924, kò sì padà wálé mọ́: àwọn ère ara rẹ̀ yọrí síta débi pé, nínú òkùnkùn ìtàn mi, ọwọ́ ẹni ń bá orí àti èjìká pàdé.

Ó ṣòro kí ènìyàn dá wà ní Èkìtì, nítorí bí ìlẹ̀kùn bá wà ní títì fún ọjọ́ mẹ́ta, ará àdúgbò yóò wá kàn án. Odindi orí kan ni mo fi sọ bí wọ́n ṣe ń kí tíṣà títí ó fi sú wọn.

Àwọn ọmọ náà ni ó gbà mí lákòókò jù. Emèrè ni mo kọ́kọ́ pè wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbọ́ orúkọ yẹn ti mọ̀ pé ètùtù wà fún un, ẹ̀rù sì ti dínkù. Mo yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò pátápátá. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èyí ni mo fi ṣe òpó ìtàn náà. Tíṣà kò kà wọ́n rí. Ìyá tí ó ń gúnyán fún wọn nìkan ni ó fura, nítorí iye àwo yòówù kí ó bu iyán sí, ó máa ń ku ọmọ kan tí kò rí tirẹ̀.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀ sétí Màmá Àgbà, wọ́n dá mi dúró. “Ọmọ mi, mélòó ni wọ́n?” Mo ní èmi náà kò mọ̀. Wọ́n ní, “Ó dára. Má ṣe kà wọ́n.” Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pa ojú-ìwé mẹ́sàn-án tí mo fi ṣàlàyé ibi tí wọ́n ti wá rẹ́. Ìwé náà wá parí síbi tí ìyá náà ti gbé àwo kan kún àwọn tí ó ti bu, tí ó rọra jókòó tì í, tí ó ń retí ọwọ́ tí yóò bu òkèlè.