Òfo Kọ́ Ni Abo: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Fífi DNA Mọ Akọ àti Abo Ìbẹ́pẹ

Ẹni tó bá ti gbin ìbẹ́pẹ rí mọ̀ pé ó lè tó oṣù 4 sí 6 kó tó yọ òdòdó. Ìgbà yẹn ni a tó ń rí i pé akọ la ti ń bu omi rin. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ń gbin mẹ́ta sójú ihò kan, tí á wá gé èyí tí kò fẹ́ tó bá yá. Àyẹ̀wò DNA lè sọ ọ́ fún wa láti inú nọ́sìrì, ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí wọ́n ti torí rẹ̀ da ọ̀gbìn tó dára nù.

Krómósómù, ìyẹn okùn DNA inú ohun alààyè, ló ń pín wọn: X méjì ni abo ní. Akọ ní X kan àti Y kan. Takọtabo, ìyẹn igi tí òdòdó rẹ̀ ní akọ àti abo pọ̀, tí èso rẹ̀ gùn tí ọjà sì fẹ́ràn, ní X kan àti irú Y mìíràn tí wọ́n ń pè ní Yh. W11 àti T12, àwọn àmì DNA tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 2002, ń yọ ìlà tí a lè fojú rí nínú èsì àyẹ̀wò lára akọ àti takọtabo. Lára abo, wọn kì í sábà yọ nǹkan kan; òfo nìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí DNA kò bá jáde dáadáa látinú ewé, ìlà kò ní yọ. Bí oje ewé bá dí PCR (ọ̀nà tí a fi ń sọ DNA di púpọ̀ kí a lè rí i) lọ́wọ́, kò ní yọ. Bí ẹnì kan bá gbàgbé láti kán DNA sínú túùbù, kò ní yọ náà. Gbogbo rẹ̀ á jọ abo lójú, takọtabo tí a ń wá á sì bá a lọ sórí ààtàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ "abo" sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rí ìlà T1, àmì mìíràn tó gbọ́dọ̀ yọ lára gbogbo ìbẹ́pẹ, ìbáà ṣe akọ tàbí abo. Bí T1 kò bá yọ, ẹ kò tíì rí èsì kankan. Ẹ tún un ṣe. Ẹ fi túùbù omi lásán kan sí i pẹ̀lú. Bí ìlà bá yọ níbẹ̀, DNA ibòmíràn ti kó wọ iṣẹ́ yín.

Ewé ọ̀dọ́ ni kí ẹ já, ẹ má lo ewé tó ti gbó.

Ẹ má sì rò pé W11 tàbí T12 yóò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára takọtabo. Ẹ bi ẹni tó ta irúgbìn fún yín léèrè ibi tó ti wá. Bó bá jẹ́ takọtabo tó gba àtíkè òdòdó ara rẹ̀ ló bí i, kò ní sí akọ níbẹ̀: takọtabo 2 sí abo 1 ni ẹ ó máa rí.

Ẹ má gbé òfin ìbẹ́pẹ lọ sórí iṣu o! Lára iṣu funfun, àwọn olùwádìí IITA (ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru) n'Íbàdàn àti àwọn ará Japan fi hàn ní 2017 pé abo ló ní krómósómù tó yàtọ̀. Àmì sp16 wọn, abo ló ń yọ ọ́. Akọ ni òfo. Ewùrà tún yí i padà: akọ ló ní Y tiẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi àmì kankan yẹ ọ̀gbìn wò, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára àwọn igi àgbà tí ẹ ti fojú ara yín rí òdòdó wọn. Ẹ sì kọ nọ́ńbà sára ike ọ̀gbìn kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó já ewé rẹ̀.