Bí ẹ ó ṣe tọ́jú ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kókó ọrùn fún nítorí jẹjẹrẹ

Kì í ṣe gbogbo kókó ọrùn ni gẹ̀gẹ̀. Iwájú ọ̀fun ni gẹ̀gẹ̀ máa ń wà, tí èèyàn bá sì gbé itọ́ mì, á gbéra sókè. Èyí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn àgbàlagbà, tó le gbandi, tí kì í dunni, tó sì ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má sì jẹ́ kí oníkẹ́míìsì là á. Jẹjẹrẹ ẹnu, ahọ́n tàbí ọ̀nà ọ̀fun lè ti rìn dé ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni dókítà fi ń fa díẹ̀ jáde fún àyẹ̀wò. Tí wọ́n bá ti là á níbòmíì tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ abẹ tó ń bọ̀ á nira jù bó ṣe yẹ lọ.

Nínú iṣẹ́ abẹ yìí, wọ́n á kó àwọn kókó kéékèèké tí jẹjẹrẹ ń gbà rìn kúrò lọ́rùn, pẹ̀lú ọ̀rá tó yí wọn ká. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n sábà ń pín ẹ̀gbẹ́ ọrùn sí: ìkíní wà lábẹ́ àgbọ̀n, ìkejì títí dé ìkẹrin tẹ̀ lé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá wá sísàlẹ̀, ìkarùn-ún wà lẹ́yìn, níhà èjìká. Nígbà tí George Crile, dókítà oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1906, wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ ni, wọ́n sì ń gé nǹkan mẹ́ta mọ́ ọn: ẹran gbọọrọ ẹ̀gbẹ́ ọrùn, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá náà, àti okùn tín-ín-rín tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí èjìká. Lónìí, èyí tí jẹjẹrẹ ò bá dé, wọ́n máa ń dá a sí. Torí náà, kí ẹ tó kúrò ní ọsibítù, ì báà jẹ́ Ìlọrin tàbí Lọ́kọ́ja, ẹ béèrè èwo ni wọ́n gé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ìwé. Nọ́ọ̀sì tó máa wo ọgbẹ́ ní Mòpà tàbí Ìsánlú kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Ẹ ó rí rọ́bà kan tàbí méjì tó yọ láti abẹ́ awọ, tó wọ inú ìgò tó ń fa omi ọgbẹ́. Ẹ má fojú kéré rẹ̀, òun ló ń sọ bí inú ọrùn ṣe wà. Ní aago kan náà lójoojúmọ́, kí nọ́ọ̀sì wọn omi inú rẹ̀, kí ẹ̀yin náà kọ iye àti àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Á pupa lọ́jọ́ kìíní, lẹ́yìn náà á máa ṣí, á wá di omi pupa rúsúrúsú. Tó bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi mílílítà 30 láàárín wákàtí 24, wọ́n lè yọ rọ́bà náà. Tí ìgò ò bá fà mọ́, ẹ wò ó bóyá aláìsàn ti sùn lé rọ́bà, tàbí afẹ́fẹ́ ti wọlé níbi tó ti jáde lára. Ṣùgbọ́n tí ọrùn bá ń wú, tó ń le, tí ẹ̀jẹ̀ pupa fòò ń yára kún ìgò, tàbí tí mímí ti ń nira, ẹ pariwo pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbá jọ sínú, wọ́n sì lè ní láti dá a padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Wákàtí 24 àkọ́kọ́ lèyí ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀.

Ohun mìíràn tó máa ń ya ará ilé lẹ́nu: omi inú ìgò á ṣàdédé funfun bí omi ògì, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wá láti ilé. Kì í ṣe ọyún. Ọ̀nà tí ọ̀rá oúnjẹ ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń jò, apá òsì ọrùn ló sì pọ̀ sí jù. Ẹ dá epo, ẹ̀gúsí àti ẹ̀pà dúró, kí ẹ sì sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ á dí fúnra rẹ̀ tí ọ̀rá bá kúrò nínú oúnjẹ. Èyí tó bá ń jò púpọ̀, wọ́n lè tún un rán.

Kí aláìsàn fi ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta gbé orí sókè sùn, kí ojú má baà wú jù. Ọjọ́ 7 sí 10 ni wọ́n sábà ń tú òwú ọgbẹ́. Ẹni tí wọ́n ti fi iná ẹ̀rọ tó ń pa jẹjẹrẹ (radiotherapy) tọ́jú ọrùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi àdí tàbí àgbo sí ojú ọgbẹ́. Ẹ má sì fi omi gbígbóná jó ọrùn, bí a ṣe mọ̀ ọ́n ṣe tó. Ibẹ̀ àti etí ti kú tipiri, á bó kó tó mọ̀. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kó fi bíléèdì fá irùngbọ̀n.

Èjìká ló ń gba sùúrù jù. Bí wọn ò tiẹ̀ gé okùn tó ń darí rẹ̀, fífọwọ́ kàn án nìkan tó láti dá a lágara fún oṣù mélòó kan, nígbà míì títí di ọdún kan. Èjìká á sọ̀ kalẹ̀, apá ò ní lè gbéra sókè láti ẹ̀gbẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á fi aṣọ so apá kọ́ ọrùn tọ̀sán-tòru, oríkèé á sì gan. Ìrọ̀rí ni kí ẹ gbé apá lé nígbà tó bá jókòó. Tí wọ́n bá ti yọ rọ́bà, tí dókítà sì fọwọ́ sí i, kó dùbúlẹ̀ gbalaja, kó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá kan mú, kí ọwọ́ tó le máa bá èyí tó rọ gbé e lọ sókè orí. Kó kà dé márùn-ún, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Lẹ́yìn èyí, kó dojú kọ ògiri, kó máa fi ìka gùn ún lọ sókè. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó dé, kẹ́ ẹ wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kó ro díẹ̀ ò burú. Tó bá ta á ṣàn-ín, kó dúró. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò gbọdọ̀ gún iyán, fa omi kànga, ru ẹrù tàbí kọ ebè. Ìgbà iṣu ló máa ń ṣòro jù láti gbọ́ràn sí èyí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a sílẹ̀, ẹ béèrè ìgbà tí èsì àwọn kókó tí wọ́n kó á jáde, kí ẹ yan ẹni tí á lọ gbà á. Èsì yìí á sọ iye kókó tí jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀, àti bóyá ó ti bẹ́ jáde. Òun ni dókítà fi ń mọ̀ bóyá iná ẹ̀rọ kàn án, tàbí iná pẹ̀lú oògùn jẹjẹrẹ. Tí iná bá kàn án, kó bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. National Hospital ní Àbújá àti University College Hospital (UCH) ní Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Kó tó dé ibẹ̀, kó rí dókítà eyín: èyí tó ti jẹrà, kí wọ́n yọ ọ́ ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú iná, torí egungun àgbọ̀n tí iná ti kọjá lára rẹ̀ kì í fẹ́ san tí wọ́n bá yọ eyín níbẹ̀.