Bí A Ṣe Ń Bá Ẹ̀rù Lò Nígbà Tí A Bá Ń Kọ́ Parkour

Parkour ni eré ìdárayá tí ènìyàn fi ń fò, tí ó fi ń gun ògiri, tí ó sì fi ń ré ohun ìdènà kọjá láìlo irinṣẹ́ kankan. Ẹni tí ó ń kọ́ ọ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ nípa lílé ẹ̀rù jáde nínú ara rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí ó mọ ohun tí ẹ̀rù náà ń tọ́ka sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi gọ́tà ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé gọ́tà kò wọ́n wa ní Òṣogbo. Ẹ fi igi gígùn kan wọn ìbú rẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sórí ilẹ̀ títẹ́jú tí àlàfo wọn ṣe déédéé pẹ̀lú igi náà, kí ẹ sì máa fò láti orí ọ̀kan sí èkejì. Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kí orúnkún tẹ̀, kí ẹsẹ̀ má sì dún gbì. Bí ẹ bá ti ṣe é ní ìgbà 10 láìyẹsẹ̀, ẹ máa fò ó láti etí pèpéle tí kò ga ju orúnkún lọ.

Ìgbà tí ẹ bá padà dé bèbè gọ́tà ni ìbéèrè gidi tó dé. Bí ẹ bá tàsé ìlà ní ìgbà 3 nínú 10 lórí ilẹ̀, òótọ́ ni ẹ̀rù ń sọ. Ẹ máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá tàsé rárá, jíjìn gọ́tà ni ó ń dẹ́rù bà yín, bẹ́ẹ̀ ìbú rẹ̀ nìkan ni ẹ fẹ́ fò. Ẹ mí sínú, kí ẹ ka 4. Ẹ mí síta, kí ẹ ka 6, nítorí pé èémí tí ó bá pẹ́ ní jíjáde a máa mú kí àyà rọra lù.

Èyí tí ó burú jù ni kí ènìyàn gbéra tán kí ó tún yí ọkàn padà. Mo ṣe é rí ní Òkè-Fìà: ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti kúrò nílẹ̀ kí ti òsì tó kọ̀, ojúgun mi sì lọ gbá etí kọnkéré, àpá náà, tí ó gùn tó ìka ọwọ́ kan, wà níbẹ̀ dòní. Nítorí náà, bí ẹ bá sún mọ́ bèbè ní ìgbà mẹ́ta tí ẹ kò fò, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, bí àwọn ọmọ tí ń wòran tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rù kan wà tí a kì í bá jà: ti kọnkéré tí òjò ti mú yọ̀, àti ti èyí tí eruku ọyẹ́ bò. Ìbẹ̀rù tí kò jẹ́ kí ènìyàn gun ògiri Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005, náà kò nílò ìwòsàn.

Bí ẹ bá ti fo gọ́tà náà, ẹ má tíì hó. Ẹ tún un fò ní ìgbà méjì sí i kí ara tó tutù, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè jẹ́ oríire.