Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Lọ́ Ọrùn Yín Mọ́
Ìwé ìtọ́sọ́nà lórí ọrùn dídùn, fún àgbẹ̀, aláàárù àti ará ilé ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú òógùn ojú. Ìwé yìí kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń ru ẹrù. Ẹni tó bá dàgbà sí Òmù-Àrán, Ìgbàjà tàbí Ọ̀ffà ti ru omi, ó ti ru igi, ó ti ru iṣu kó tó mọ̀wé kà. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni nǹkan tí àwọn èèyàn ń ṣe lẹ́yìn tí ọrùn bá ti ń dùn wọ́n.

Lẹ́yìn ìkórè iṣu tó kọjá, wọ́n pè mí lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń yan gàrí. Ọrùn wọn ti le fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn kò lè bojú wẹ̀yìn. Onígbàjámọ̀ tó wá fárí fún ọkọ wọn ló ní òun yóò bá wọn tú u. Ó fi ọwọ́ kan di àgbọ̀n wọn mú, ó fi èkejì di ìpàkọ́, ó sì lọ́ ọ lójijì. Ọrùn dún kọ̀. Àwọn ọmọ ilé pàtẹ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọwọ́ ọ̀tún ìyá ti wúwo bí òkúta, ìka ń ta wọ́n ṣíṣín-ṣíṣín. Mo jókòó tì wọ́n lẹ́bàá ààrò, mo rí bí igbá tí wọ́n fi ń ro gàrí ṣe ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ òsì mú un padà. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi lọ sọ́dọ̀ físíò, oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú eegun àti ẹran ara, kí ọwọ́ yẹn tó lè fún aṣọ. Oṣù mẹ́rin, nítorí ọrùn tí ì bá fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan rọlẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí a ń bẹ̀ yín sí nìyí: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá lọ́ ọrùn yín kó lè dún. Onígbàjámọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe é, ọmọ yín kò gbọdọ̀ ṣe é, ẹ̀yin fúnra yín kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara yín ṣe é. Eegun 7 ló wà ní ọrùn. Iṣan tí ọpọlọ fi ń rán ọwọ́ àti ẹsẹ̀ níṣẹ́ gba àárín wọn kọjá, òpó ẹ̀jẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn gun orí. Bí òpó ẹ̀jẹ̀ yẹn bá ya, ó lè di rọpárọsẹ̀. Ìró kọ̀ tí ẹ ń gbọ́ yẹn kò sọ pé eegun ti padà sí àyè rẹ̀. Bí ìka ṣe ń dún tí a bá ṣẹ́ ẹ náà ni. A ti sọ èyí lọ́jà, a ti sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, a ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ ẹ ṣì ń na ọrùn sí wọn.

Àwọn mìíràn á ní àwọn kò lọ́ ọ, àwọn kàn sùn sílé ni. Ìyẹn náà kò dára bó bá pẹ́ jù. Ẹ sinmi ọjọ́ 1 tàbí 2, lẹ́yìn náà kí ọrùn máa rìn. Ọrùn tí a bá dì pa fún ọ̀sẹ̀ kan á tún le sí i ni. Ẹ má sì ra kọ́là ọrùn, ohun tí wọ́n ń fi di ọrùn mú kó má baà sún, lọ́jà wọ̀ láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí ẹ wọ̀ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fi nǹkan gbígbóná sí i. Ẹ ti tówẹ̀lì bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fún un, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ dán an wò, kí ẹ wá fi bo ọrùn àti èjìká fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ara rẹ̀ kì í tètè mọ gbígbóná, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a dán an wò. Bí ẹ bá fẹ́ fi òrí ra á, ẹran èjìká ni kí ẹ fi ra, jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú 5, kì í ṣe orí eegun. Róòbù àti tówẹ̀lì gbígbóná kò gbọdọ̀ pàdé lára kan náà, yóò bó yín lára.

Ó wá kan iṣẹ́ ọrùn gan-an. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni: lẹ́yìn Àsùbáà, lẹ́yìn Àlàásárì, lẹ́yìn Ìṣáì. Ẹ̀yin tí ẹ kì í kírun, ẹ ṣe é kí ẹ tó jẹun àárọ̀, kí ẹ tún un ṣe tí ẹ bá ti oko dé, kí ẹ sì ṣe é kí ẹ tó sùn.

Fífa àgbọ̀n sẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń ṣe gbòdì. Ẹ jókòó kí ẹ̀yìn yín kan ògiri, ẹ wo iwájú. Ẹ mọ bí èèyàn ṣe ń ṣe tí èéfín ààrò bá ṣẹ́rí sí i lójú, tó ń fa orí sẹ́yìn láì gbójú sókè, láì wolẹ̀? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹran abẹ́ àgbọ̀n á ká jọ, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára pé ìpàkọ́ ń nà. Ẹ ka 1 dé 5, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà 10. Bí ojú yín bá ń wo ilẹ̀, ẹ kò tíì ṣe é, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí ojú sọ́tùn-ún, kí ẹ yí i sósì, bí ìgbà tí ẹ bá ń sálámà, àmọ́ kó lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tó bá ti há, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró, ẹ ka 5. Ìgbà 5 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ọwọ́ tì í.

Ẹ wá jókòó lé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún yín kí èjìká yẹn má baà gbéra, kí ẹ dẹ orí sí èjìká òsì. Etí ló ń lọ bá èjìká. Ẹ má gbé èjìká wá bá etí. Ẹ ka 20. Ìgbà 3, kí ẹ wá ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní ìparí, ẹ fa èjìká méjèèjì sẹ́yìn bíi pé ẹ fẹ́ fi wọ́n fún ọsàn kan láàárín ẹ̀yìn. Ẹ ka 5, ìgbà 10.

Tó bá pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi èyí kún un: ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ sí iwájú orí, kí orí máa ti ọwọ́, kí ọwọ́ máa ti orí, kí ọrùn má sún rárá. Ẹ ka 5, ìgbà 5. Ẹ ṣe é ní ìpàkọ́ àti ní ẹ̀bá etí méjèèjì pẹ̀lú. Ìdajì agbára ni kí ẹ lò.

Kó fà yín díẹ̀, kó sì lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ìyẹn kò burú. Bí ìrora bá ń sọ̀ kalẹ̀ wọ apá, ẹ dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ 6 ni ẹ ó fi ṣe é. Púpọ̀ nínú yín máa ń pa á tì lọ́jọ́ tí ìrora bá ti lọ, ẹ ó sì padà wá lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ ó ní físíò kò mọ iṣẹ́.

Ní ti oògùn, parasitámọ́ọ̀lù 500 mg tó: hóró 2 fún àgbàlagbà, kí wákàtí 6 pé kó tó tún lò ó, kó má kọjá hóró 8 láàárín wákàtí 24. Àpòpọ̀ oògùn tí wọ́n ń tà nínú mọ́tò, ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀.

Ẹni tí ọrùn ń dùn kò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan lérí fún ọ̀sẹ̀ 2. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí omi kún jẹ́ kílò 25 kí a tó ka kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ bá padà sẹ́nu ẹrù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti lítà 5, kó di 10 lọ́sẹ̀ kejì. Òṣùká kó nípọn, kó sì wà láàárín orí. Bí wọ́n bá pè yín lẹ́yìn nígbà tí ẹrù wà lórí, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi yí, ẹ má fi ọrùn yí. Ẹ̀yin tó ń fín oògùn sóko, bí pọ́ńpù yín bá gba lítà 16, ẹ rọ 8 sí i, kí okùn rẹ̀ méjèèjì wà léjìká. Ẹ̀yin ahunṣọ Ìlọrin, ẹ máa dìde nídìí òfì ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìrọ̀rí kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sùn, kó dí àlàfo tó wà láàárín etí àti èjìká, kí ẹ má sì dojú bolẹ̀ sùn.

Àwọn kan wà tí eré ìdárayá yìí kì í ṣe tiwọn. Bí ọwọ́ bá ń kú tàbí tí nǹkan ń já bọ́ lọ́wọ́ yín, bí ẹsẹ̀ bá ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, bí ìtọ̀ bá ń bọ́ láìmọ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí ọrùn bá le gan-an pẹ̀lú ibà àti orí fífọ́, pàápàá nígbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má dúró di àárọ̀, ó lè jẹ́ àrùn yírùnyírùn (mẹninjáítísì), ó sì ń pa ọmọdé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka físíò. Ẹ ní kí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín kọ ìwé fún yín lọ síbẹ̀.

Ẹni tó bá já bọ́ látorí ọ̀pẹ tàbí tí ọ̀kadà gbé ṣubú, tó ní ọrùn ń dùn òun, ẹ má fà á dìde, ẹ má gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà. Kí ẹnì kan kúnlẹ̀ síbi orí rẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì di orí náà mú gbọn-in ní ọ̀gbọọrọ pẹ̀lú ara. Kí àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin mìíràn di èjìká, ìbàdí àti ẹsẹ̀ mú, kí ẹ yí gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà sórí pákó tàbí ilẹ̀kùn. Ẹni tó wà níbi orí ni kó máa ka 1, 2, 3 fún wọn, kò sì gbọdọ̀ yọwọ́ títí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.