Ìtọ́sọ́nà Lórí Fífún Kọ̀ǹpútà Inú Mọ́tò Ní Iná Láìséwu

Àwọn àgbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn onílé ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ ni a kọ ìwé yìí fún. Lásìkò kajú, àwọn tó ń ra ẹrù lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé, ní Ajáàwà àti ní àwọn abà tó yí wọn ká máa ń gbé kọ̀ǹpútà sínú mọ́tò, kí wọ́n lè kọ ìwọ̀n àpò àti owó tó kan oníkálùkù sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, níwọ̀n bí kò ti sí iná ìjọba létí oko. Iṣẹ́ tó dára ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rù rẹ̀. Ibi tí ewu wà ni bí a ṣe ń fa iná láti orí bátìrì dé ìdí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má gbàgbé èyí: wáyà pósítíìfù kankan kò gbọdọ̀ kúrò lórí bátìrì lọ sídìí kọ̀ǹpútà láìgba inú fíúùsì kọjá, ìyẹn ohun kékeré tó máa ń jó láti gé iná bí iná bá ti pọ̀ jù.

Iná mọ́tò kì í dúró sójú kan

Fóltì 12 ni gbogbo wa máa ń pe bátìrì mọ́tò kékeré, ṣùgbọ́n mítà yóò sọ ohun mìíràn fún yín. Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, máa ń fi nǹkan bí fóltì 12.6 hàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, alternator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dá iná tí bẹ́líìtì ń yí, yóò gbé e dé bíi 13.8 sí 14.4. Ní àkókò tí a bá sì yí kọ́kọ́rọ́ láti ṣíná mọ́tò, sítátà yóò fa iná tó pọ̀ débi pé bátìrì lè já wá sísàlẹ̀ fóltì 10. Kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì tirẹ̀ nínú lè kú lójú kan náà, kí fáìlì tí ẹ ń kọ lọ́wọ́ sì bàjẹ́.

Èyí tó burú jù ni kí ẹnìkan yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń ṣe é láti mọ̀ bóyá alternator ń dá iná. Bátìrì ló ń gba iná náà mọ́ra. Bí a bá yọ ọ́ lójijì, iná lè fò kọjá fóltì 40 kí ó tó rọlẹ̀, ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ yẹn sì tó láti ba kọ̀ǹpútà jẹ́, àti àwọn ẹ̀rọ mọ́tò fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má ṣe gbà fún un, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá a lójú tó. Kí ó fi mítà lé orí bátìrì. Bí ó bá rí 13.8 sí 14.4, alternator ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Fíúùsì àti wáyà

Wáyà ni fíúùsì ń dáàbò bò, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Bátìrì mọ́tò lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ámpíà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wáyà pósítíìfù bá bó, tó sì fara kan irin mọ́tò, tí kò sí fíúùsì níbẹ̀, wáyà náà yóò pọ́n, rọ́bà ara rẹ̀ yóò yọ́, tìmùtìmù àga sì lè gbiná kí ẹnikẹ́ni tó rí ààyè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí ibi tí a fi fíúùsì sí fi ṣe pàtàkì tó fíúùsì fúnra rẹ̀. Kí ó má jìnnà ju bíi sẹ̀ǹtímítà 18 lọ sí orí pósítíìfù, nítorí kò sí ohun tó ń dáàbò bo wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúùsì. Ẹni tó fi tirẹ̀ sẹ́yìn àga, nítòsí kọ̀ǹpútà, ti fi odidi wáyà inú mọ́tò sílẹ̀ láìláàbò.

Ibi tí ó yẹ kí ẹ bá rìwáyà, ẹni tó ń ṣe iná mọ́tò, fara balẹ̀ wò jùlọ ni ihò tí wáyà ń gbà láti ìdí ẹ́ńjìnnì wọ inú mọ́tò. Etí ihò tí wọ́n fi dírílì lu máa ń mú bí abẹ. Bí mọ́tò ti ń gbọ̀n lórí ọ̀nà oko, wáyà yóò máa ha á díẹ̀díẹ̀ títí bàbà yóò fi yọjú. Ẹ jẹ́ kí ó fi òrùka rọ́bà sí etí ihò náà kí ó tó ti wáyà wọlé, kí ó má sì fa wáyà gba abẹ́ irin tí àga ń gùn lọ síwá sẹ́yìn.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń jẹ wáàtì 150 yóò fa tó ámpíà 15. Bí a bá fi wáyà 1.5 (mm²) tí wọ́n fi ń ṣe iná gílóòbù inú ilé gbé e fún mítà mẹ́ta ní àlọ àti mẹ́ta ní àbọ̀, nǹkan bíi fóltì kan yóò ṣòfò sínú ooru. Wáyà 4 (mm²) pẹ̀lú fíúùsì ámpíà 20 ló tọ́ sí i. Wáyà ilé tó jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo nínú kò yẹ fún mọ́tò, nítorí gbígbọ̀n máa ń kán an. Èyí tó ní ọ̀pọ̀ fọ́nrán tín-ín-rín ni kí ẹ rà.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ kọ́kọ́ yọ orí nẹ́gétíìfù, kí ó sì jẹ́ òun ni ẹ ó dá padà kẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ tó máa ń gbiná ń jáde lára bátìrì tó ń gba iná. Bí sípánà bá ta iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bátìrì lè bú, kí ásíìdì sì ta síni lójú.

Irú kọ̀ǹpútà tó yẹ

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni a fara mọ́, nítorí bátìrì inú rẹ̀ yóò gbé e dúró nígbà tí ẹ bá ń ṣíná mọ́tò. Ẹ ra ṣájà mọ́tò tó ń sọ fóltì 12 di 19 tàbí 20 tààrà, dípò kí ẹ fi íńfátà sọ ọ́ di 220 kí ṣájà ilé tún wá sọ ọ́ di 19, nítorí ìgbà méjì ni iná ń ṣòfò bẹ́ẹ̀. Alágbèéká wáàtì 65 yóò fa bí ámpíà 6, ihò ìtanná sìgá sì lè gbé e. Ohunkóhun tó bá ju wáàtì 120 lọ, ẹ má ṣe kì í bọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà lè fa ju wáàtì 500 lọ nígbà tó bá ń gbóná, nítorí náà ẹ fi sílẹ̀ sílé.

Ẹni tó bá ní láti lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì, kí ó wá pawa (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) tí wọ́n ṣe fún mọ́tò, èyí tó ń gba iná láti fóltì 6 títí dé 24, tó sì mọ ìgbà tí a bá pa kọ́kọ́rọ́. Irú rẹ̀ á dúró díẹ̀, á sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó pa ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni á wá gé iná pátápátá. Kọ̀ǹpútà tí a kàn mú sùn ṣì ń jẹ iná, bí ọjọ́ mélòó kan bá sì kọjá, mọ́tò lè kọ̀ láti ṣíná.

Bátìrì ámpíà-wákàtí 60 (60Ah) ni ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré ń lò. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa, ẹ má jẹ́ kí alágbèéká jẹ ẹ́ ju wákàtí méjì lọ, nítorí bátìrì mọ́tò kò fẹ́ kí a fà á gbẹ. Bí ó bá ti sinmi tí mítà sì ń fi 12.2 hàn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nínú gáréèjì tó pa dé, nítorí gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀ kì í rùn, ó sì ń pa ènìyàn.

Ẹ má fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà ní títì lábẹ́ oòrùn. Inú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lè gbóná kọjá 60°C, nígbà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kò fẹ́ ju 35°C lọ. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa gbá eruku kúrò lójú fáànù rẹ̀.

Bí bátìrì bá kú tí ẹ sì fẹ́ yá iná lára mọ́tò ẹlòmíràn, ẹ yọ kọ̀ǹpútà kúrò ná. Ẹ má ṣe yá a lára tírélà, nítorí fóltì 24 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Bí ẹ bá gbóòórùn rọ́bà tó ń jó, ẹ pa mọ́tò, kí gbogbo ènìyàn sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì lo ẹ̀rọ apaná oníyẹ̀fun, kì í ṣe omi. Ẹ̀gbẹ́ àga awakọ̀ ni kí ẹ̀rọ náà máa wà, kì í ṣe inú bọ́ọ̀tù lábẹ́ àpò kajú.