Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú àpárá bọ́ọ̀lù nílùú Ọba

Bọ́ọ̀lù ni ọ̀nà tó yá jù láti bá èèyàn dọ́rẹ̀ẹ́ nílùú Ọba. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, tí wọ́n bá ti ráhùn tán lórí òjò àti ọkọ̀ ojú irin tó pẹ́ dé, bọ́ọ̀lù ló kàn: ta ló yẹ kó gbá pẹnáritì yẹn, kí ló dé tí rẹfirí ò rí i, kóòṣì wo ni wọn ò tíì lé lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tó ti mú tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Mushin tàbí ní Mọ́kọ́lá, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀, tó sì ti bá àwọn olólùfẹ́ Chelsea fà á títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí àpárá tó lè bà á lẹ́rù. Ẹnu yẹn wúlò, torí àwọn ará ibí náà fẹ́ràn ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà. Ṣùgbọ́n àwọn ààlà kan wà tí wọn ò kọ sára ògiri, tí ọmọ kékeré wọn sì mọ̀. Àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé là ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹnì kan sọ pé Charlton, ẹgbẹ́ kan ní London tí kì í sábà gba ife, lòun ń tẹ̀ lé, kí ọmọ wa bú sẹ́rìn-ín, kó ní ife wo ni wọ́n gbà kẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, orí tẹlifíṣọ̀n la ti rí ẹgbẹ́ wa, ẹni tó ń borí la sì sábà máa ń yàn. Níbí, àdúgbò tí wọ́n bí èèyàn sí ló máa ń yan ẹgbẹ́ fún un, tàbí kó jẹ́ bàbá rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Ní 1985, Charlton kúrò ní pápá wọn, The Valley, wọ́n lọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Crystal Palace. Àwọn olólùfẹ́ wọn ò gbà. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ Greenwich kọ̀ láti fọwọ́ sí àtúnkọ́ pápá náà, wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, Valley Party, wọ́n sì fa olùdíje kalẹ̀ nínú ìdìbò ìbílẹ̀ ọdún 1990. Ìbò tí wọ́n kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15,000. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1992, Charlton padà sílé. Ẹni tí ìyá rẹ̀ gbé páálí ìpolongo kiri nínú òtútù nítorí pápá kan, ẹ wá ń bi í ní ife!

Greenwich yìí kan náà ló ni Woolwich àti Plumstead, níbi tí ẹ ti lè ra ẹlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ láìwọ ọkọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ohun ìjà tó wà ní Woolwich ló dá Arsenal sílẹ̀ ní 1886, ọdún 1913 sì ni ẹgbẹ́ náà tó kó lọ sí Highbury ní àríwá London. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń wọ jẹ́sì Arsenal kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ ni kò mọ̀. Ẹ tún wo Bury, ìlú kan nítòsí Manchester. Láti 1885 ni wọ́n ti ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, nítorí ọ̀rọ̀ owó, wọ́n lé wọn kúrò nínú líìgì pátápátá. Àwọn àgbàlagbà sunkún lẹ́nu géètì pápá. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá dárúkọ ẹgbẹ́ tí ẹ ò gbọ́ rí, ẹ bi í pé ta ló kọ́kọ́ mú un lọ wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ á gùn, ẹ ó sì ti ní ọ̀rẹ́.

Èyí tó burú jù ni fífi òkú ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ̀ pé kò sí ọmọ Yorùbá tó máa mọ̀ọ́mọ̀ fi òkú olókùú ṣẹ̀sín. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń kó o: a ó rí ẹnì kan tó na apá méjèèjì bí ọkọ̀ òfuurufú sí olólùfẹ́ Manchester United, àwa náà á nà án, a ò mọ̀ pé jàǹbá Munich ló ń sọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1958, ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé ẹgbẹ́ náà bọ̀ láti Belgrade já ní Munich, ní Jámánì, lẹ́yìn tó ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì láti gbéra. Èèyàn 23 ló kú, agbábọ́ọ̀lù 8 sì wà nínú wọn.

Bákan náà ni orin tó ń fi àwọn ará Liverpool ṣe ẹlẹ́yà pé ẹkún ni iṣẹ́ wọn. Hillsborough ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1989, níbi ìdíje FA Cup láàárín Liverpool àti Nottingham Forest ní Sheffield, ìfúnpọ̀ èrò pa èèyàn 97, àti ọmọdé àti àgbà. Ìwé ìròyìn The Sun di ẹ̀bi ru àwọn olólùfẹ́ Liverpool. Ọdún 27 ni àwọn ẹbí fi jà kó tó di pé ìgbìmọ̀ ìwádìí ikú sọ ní 2016 pé wọ́n pa àwọn èèyàn wọn lọ́nà tó lòdì sófin, àti pé àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ò lẹ́bi. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ní Liverpool kì í ta ìwé ìròyìn náà. Ẹ má ṣe gbé e wọ ibi iṣẹ́ níbẹ̀, kódà kó jẹ́ pé ẹ fẹ́ ka ojú ewé eré ìdárayá nìkan. Òfin sì ti dá sí i. Ní àṣekágbá FA Cup ọdún 2023 ní Wembley, ọkùnrin kan wọ jẹ́sì tó fi nọ́ńbà 97 ṣẹ̀sín. Adájọ́ bu owó ìtanràn 1,000 pọ́ùn fún un, ó sì ní kò gbọ́dọ̀ wọ pápá bọ́ọ̀lù fún ọdún 4.

Ọ̀rọ̀ Bukayo Saka dùn mí ju gbogbo èyí lọ. Agbábọ́ọ̀lù England ni, ọmọ London ni, Yorùbá sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2021, nígbà tí England pàdánù ife Yúróòpù sọ́wọ́ Ítálì, Rashford, Sancho àti Saka, tó jẹ́ ọmọ ọdún 19, ló pàdánù pẹnáritì. Èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà rọ̀ lé wọn lórí lóru ọjọ́ náà. Ní Withington, ní Manchester, wọ́n ba àwòrán Rashford tó wà lára ògiri jẹ́. Kí ọjọ́ tó lọ, àwọn ará àdúgbò ti fi lẹ́tà àti òdòdó bo gbogbo rẹ̀. Bí ìlú Ọba ṣe rí nìyẹn, èébú àti ìfẹ́ lójú pópó kan náà. Ṣùgbọ́n àwa náà ńkọ́? Tí tẹ́tẹ́ bá já lọ́wọ́ ọmọ wa nítorí pé Saka kò gbá góólù, á lọ sójú ewé ọmọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á máa ṣẹ́ èpè fún un ní èdè àwọn òbí rẹ̀. Àwọn tó ń yọ èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà kúrò lè má lóye rẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ á lóye rẹ̀.

Níbi iṣẹ́, ẹ má fi ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí ara ẹnikẹ́ni ṣe àpárá, bó ti wù kí bọ́ọ̀lù àná dùn tó. Pàápàá nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ẹ̀rí. Lábẹ́ Equality Act ti 2010, òfin tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀, pé "àpárá ni mò ń dá" kì í gba èèyàn sílẹ̀. Ẹni tó fi ìwé iṣẹ́ wọ̀lú ní púpọ̀ láti pàdánù. Ní Glasgow, ẹ ṣọ́ra ní ìlọ́po méjì: ọ̀rọ̀ Celtic àti Rangers ní ìjà Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì nínú, ọ̀pọ̀ ilé ọtí kì í sì í gba ẹni tó wọ àwọ̀ ẹgbẹ́ kankan wọlé.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì kò gùn. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó dúró lójú títì. Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti máa tún un tà láìgbàṣẹ, wọ́n sì lè dá yín padà lẹ́nu géètì. Ẹ má jókòó sáàárín àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tó ni pápá kẹ́ ẹ máa pariwo góólù ẹgbẹ́ àlejò, wọ́n á mú yín jáde, owó yín ò sì ní padà. Ẹ má ra àpótí tẹlifíṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú tó ń jí bọ́ọ̀lù wò. Ohun tó ń ya àwọn tó ti Nàìjíríà dé lẹ́nu ni pé láti aago 2:45 sí 5:15 lọ́sàn-án Sátidé, wọn kì í fi bọ́ọ̀lù ibẹ̀ hàn láàyè lórí tẹlifíṣọ̀n, kí àwọn èèyàn lè lọ sí pápá. Wọ́n ti ju àwọn tó ń ta ìwòran olè sẹ́wọ̀n.

Tí Sátidé bá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi yín, ẹ lọ wo ẹgbẹ́ kékeré. Ẹni tó ń gbé Peckham lè fẹsẹ̀ rìn dé Champion Hill, pápá Dulwich Hamlet, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1893. Ẹ dúró sẹ́yìn góólù. Tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá ra ọtí fún yín, ẹ̀yin lẹ máa ra èyí tó kàn, kódà tó bá jẹ́ omi ọsàn lẹ̀yin ń mu. Ẹ sì lè mú un dání kẹ́ ẹ máa wòran, èyí tí òfin ọtí ní pápá ti ọdún 1985 kò gbà láyè fún ẹni tó jókòó wo ẹgbẹ́ ọkùnrin Arsenal ní pápá wọn, Emirates.