Bí Mo Ṣe Yan Hosting fún Ìkànnì Ilé-iṣẹ́ Wa

Nígbà tí owó hosting (ààyè tí ìkànnì ń gbé lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tí a san fẹ́ tán, ọ̀gá wa ní kí n wo ibi tó yẹ kí ìkànnì wa máa gbé. Kí n tó wo iye owó ẹnikẹ́ni, mo kọ ohun tí ìkànnì náà ń ṣe sílẹ̀: ó ń fi ọjà hàn, ó ń gba ìbéèrè àwọn oníbàárà, ìmeèlì tó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ sì so mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni mo ṣírò. Ojú-ìwé wa kan tó nǹkan bíi 2MB. Bí 100 èèyàn bá wọlé lóòjọ́, tí oníkálukú ṣí ojú-ìwé mẹ́ta, 600MB dátà nìyẹn lóòjọ́, èyí tó jẹ́ 18GB lóṣù. Ìṣirò yìí ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “unlimited” (àìlópin) tó kún inú ìpolówó àwọn tó ń ta hosting fà mí lójú. Nígbà tí mo ka òfin ìlò wọn, mo rí i pé ibòmíràn ni òdiwọ̀n wà: iye fáìlì tí èèyàn lè kó síbẹ̀, àti agbára server (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé inú rẹ̀) tí ìkànnì kan lè lò lẹ́ẹ̀kan náà.

Irú hosting tí a ó lò kò gbà mí lákòókò. Shared hosting, níbi tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ti ń pín server kan lò, dà bí yàrá nínú ilé ayálégbé tí gbogbo wọn ń pọnmi nínú kànga kan: bí ẹnì kan bá pọn ún jù, omi á wọ́n fún àwọn yòókù. VPS (Virtual Private Server) máa ń ya ìpín tìrẹ sọ́tọ̀ fún ọ lórí server, àmọ́ ìwọ lo máa tọ́jú rẹ̀ kí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì má bàa wọlé. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹn láàárín wa. Shared ni mo mú, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta VPS pẹ̀lú, kí a lè ráyè sún síwájú tí oníbàárà bá pọ̀ sí i.

Ìwé àdéhùn ni mo pẹ́ lé lórí jù. Iye tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú, ti sáà àkọ́kọ́ ni. Iye tí wọ́n máa gbà nígbà tí sáà yẹn bá parí wà nísàlẹ̀, ó sì sábà máa ń ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Owó ọdún mẹ́ta lápapọ̀ ni mo fi ń wé ilé-iṣẹ́ kan pẹ̀lú òmíràn. Wọ́n tún ń ṣèlérí pé ìkànnì á wà lójúfò ní 99.9% àkókò. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́sàn-án lọ́dún. Ní ti SSL, ìwé-ẹ̀rí tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín ìkànnì àti ẹni tó ń lò ó, láti 2015 ni àjọ Let’s Encrypt ti ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó fẹ́ gbowó SSL lásán lọ́wọ́ ìkànnì kékeré, mo fa igi lé orúkọ rẹ̀.

Ohun tó jẹ mí lógún ju gbogbo èyí lọ ni bí a ó ṣe jáde bí ó bá di dandan. Mo kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó kù lórí ìwé mi: Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ lẹ ń ṣe backup (ẹ̀dà ìkànnì tí a fi pa mọ́)? Ọjọ́ mélòó lẹ ń tọ́jú rẹ̀? Ṣé owó la máa san kí ẹ tó dá a padà fún wa? Ṣé èmi fúnra mi lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà mi? Ìdáhùn wọn tún fi hàn mí bí wọ́n ṣe máa dá wa lóhùn lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Àwọn kan kàn fi àkọsílẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń rí gbà ránṣẹ́. Ẹnì kan dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ ìlú tí server wọn wà láìjẹ́ pé mo béèrè. Ibẹ̀ sì sún mọ́ àwọn oníbàárà wa. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la lọ.

Wọ́n fẹ́ fún wa ní domain, ìyẹn orúkọ tí èèyàn ń tẹ̀ láti dé ìkànnì, lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò gbà. Mo fi èyí tí a ní sílẹ̀ níbi tí a ti rà á, ní orúkọ ilé-iṣẹ́ wa, kí aáwọ̀ lórí hosting má bàa gbé orúkọ wa lọ.

Nígbà tí a máa kó, mo dín TTL (àkókò tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn fi ń rántí àdírẹ́sì àtijọ́) inú DNS (ìwé tó ń júwe ibi tí domain kan wà) kù sí 300 ìṣẹ́jú-àáyá ṣáájú, kí àyípadà má bàa pẹ́. Mo kó fáìlì àti database (àkójọ ìsọfúnni ìkànnì) lọ, mo fi fáìlì hosts, tó ń darí kọ̀ǹpútà mi nìkan sí àdírẹ́sì tuntun, wo ìkànnì náà níbùgbé rẹ̀ tuntun nígbà tí àwọn oníbàárà ṣì ń rí ti àtijọ́. Mo da MX, ìlà inú DNS tó ń sọ ibi tí ìmeèlì máa lọ, kọ fínnífínní, torí ibẹ̀ ni ìmeèlì ti máa ń sọnù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo yí DNS. Mi ò ti àtijọ́ pa títí ìmeèlì kankan ò fi wọ ibẹ̀ mọ́. Mo wá gba backup àkọ́kọ́ láti ilé tuntun, mo sì gbé e dìde lórí kọ̀ǹpútà mi láti rí i pé ó pé.